Òjò Tó Ń Rọ̀ Síbi Tí Kò Séèyàn

 

Bíbélì kíkà: Jóòbù 38:25-27

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá yẹn, ìyá wa kan níbí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pè mí lórí fóònù láago mọ́kànlá alẹ́. "Ẹfanjẹ́líìsì, ẹ dákun ẹ máa bọ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ti wọ kíṣíìnì mi!" Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti da iyọ̀ sí i lára, wọ́n sì ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ká ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, èmi gan-an ni ǹ bá da iyọ̀ ọ̀hún. Ta ni nínú wa tí kò dà á rí lọ́mọdé? Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi páákà kó o síta, mo sì bu omi sí i lára. Ìyá wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ni ọ̀pọ̀lọ́ wúlò fún gan-an?"

Ìbéèrè yẹn ló ń bá mi jí láti ọjọ́ náà, torí ó rán mi létí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀ rí, ẹ mọ àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, tí orúnkún á máa bẹ èèyàn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Lọ́dún 2007, ìjọba orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, pé ó yẹ kó wà lára ogún gbogbo ayé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé irú ọ̀pọ̀lọ́ kan ń gbé láàárín àwọn àpáta ọ̀hún tí wọn ò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọdún 1963 ni onímọ̀ ará Dẹ́ńmáàkì kan kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ní ogójì ọdún tẹ́nikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́, kó tó di pé àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Èkó, Akọkà wa níbí, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkèèrè, tún un rí. Ọdún 2014 ni ìwé ìwádìí wọn jáde.

Àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú odò bíi tàwọn ti gọ́tà wa. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lára àpáta, tí kò tó èèyàn fọwọ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá gé igi tó ṣíji bo àpáta, tí iná sì jó koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, oòrùn á gbẹ omi náà. Níbo ni wọ́n fẹ́ sá lọ?

Ibẹ̀ ni Jóòbù 38 ti yé mi. Jóòbù jókòó sínú eérú, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń bá Ọlọ́run sọ. Ọlọ́run wá bi í léèrè nípa òjò: ta ló lànà fún èyí tó ń rọ̀ sí aginjù, níbi tí kò séèyàn kankan? Ẹ̀yin ará, ta ni òjò yẹn wà fún? Kò sóko ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa san ìdámẹ́wàá lórí ẹ̀. Síbẹ̀, Ọlọ́run ń rọ̀ ọ́. Àwa la rò pé "ó wúlò" kò ju "ó wúlò fún mi" lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ẹfanjẹ́líìsì, èèyàn ń wá gàrí, ẹ̀ ń sọ ti ọ̀pọ̀lọ́." Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ kòkó tó ń fẹ oko rẹ̀ sún mọ́ àpáta kì í ṣe èèyàn burúkú, owó iléèwé ọmọ ló ń wá. Jésù pàápàá, nínú Mátíù 10, sọ pé a ṣeyebíye ju ẹyẹ ológoṣẹ́ lọ. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀: ṣé ẹnikẹ́ni máa ń fi ohun tí kò níye lórí rárá díwọ̀n ohun iyebíye? Àwọn ẹyẹ yẹn ní iye tiwọn lójú Baba. Mi ò ní kí ebi pa àgbẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀lọ́ o. Bí a bá fẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ àpáta sílẹ̀ láìro ó, kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ló máa ru ẹrù náà.

Ṣùgbọ́n àwa tí kì í ṣe ebi ló lé wa débẹ̀ ńkọ́? Nígbà kan, àwa ọ̀dọ́ gun òkè àdúrà kan lásìkò ọyẹ́. A dáná kí ejò má baà sún mọ́ wa. Iná bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó jó ẹ̀gbẹ́ òkè náà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ mọ ohun tá a ṣe? "Halelúyà" là ń pariwo, pé iná Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀! Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó jóná. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wa sórí eérú, a sọ̀kalẹ̀, a lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo gba máìkì.

A tún ń gun òkè lóṣù tó ń bọ̀. Kí kálukú mú àpò kan dání fún ìdọ̀tí. A ò ní dáná.

Àdúrà: Baba, dárí jì wá nítorí àwọn ẹ̀dá Rẹ tá a ti jó níná láìmọ orúkọ wọn. Rántí àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè lónìí, pèsè fún wọn. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú iṣẹ́ òní o. Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá sì wọlé yín lálẹ́, ẹ pè mí, màá mú páákà bọ̀.