Àmánà Ni Awọ Ara

Àwọn méjì ló máa ń bá mi jiyàn lórí ìtọ́jú awọ. Ẹni àkọ́kọ́ á ní kí ni mo ń da ara mi láàmú sí, ṣebí ilẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́, ìwà lẹwà. Ẹnì kejì á ní awọ òun ni, owó òun lòun fi ń ra ìpara, bó bá wu òun kí ó pọ́n, kò kan ẹnikẹ́ni. Òrí àti ọṣẹ dúdú ni mo ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. Lójú tèmi, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣìnà. Ẹni tó ní awọ ò já mọ́ nǹkan àti ẹni tó ní òun lòun ni ín, wọ́n ti gbàgbé pé wọ́n fi fún wọn ni.

Mùsùlùmí ni mí. Wọ́n kọ́ wa pé lọ́jọ́ ìṣirò, wọn yóò bi ẹ̀dá léèrè ohun tó fi ara rẹ̀ ṣe. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí a jọ ń tajà ní ara ni tẹ́ńpìlì Ẹ̀mí Mímọ́. Ìyá ìyá mi tó kọ́ ìyá mi ní ọṣẹ ṣíṣe, ọlọ́bàtálá ni. Ohun tó mọ̀ ni pé Ọbàtálá ló mọ ara, ènìyàn kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni: àmánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni láti ṣọ́, ni awọ ara.

Ọmọbìnrin kan yà sọ́dọ̀ mi nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ bá mi wo nǹkan tí mo lè pò mọ́ òrí yìí, kí n lè pọ́n díẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìnáwó."

Mo ní, "Ta ló ní kí o pọ́n? Ṣé ọkọ ni?"

"Ọkọ kọ́ o, mà. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi tó máa wọ aṣọ ẹbí ló ti ń pò ó."

Mo wo ọwọ́ tó fi gbé owó lé àtẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti ń pọ́n, oríkèé ìka dúdú kirimú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Kí ni mo máa sọ? Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ẹnu jù ni pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni kó wà. N kò sọ ọ́, nítorí a kì í wà bẹ́ẹ̀. Àbàjà wà lójú bàbá mi. A ń lé làálì fún ìyàwó, a ń lé tíróò, a ń lu etí ọmọ tuntun, a sì ń fi osùn pa á lára. Tó bá jẹ́ pé kíkan awọ lẹ́ṣẹ̀, gbogbo ilé Yorùbá ló jẹ̀bi. Ilà pàápàá, kì í ṣe torí pé ó yí awọ padà ni mo ṣe gbà pé ó tọ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ṣe ní kí a má kọ ọ́ fún ọmọdé mọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọmọ ni wọ́n fi awọ yẹn fún, wọn ò fi fún bàbá rẹ̀.

Ẹ tún wo àfín. Ẹni òrìṣà ni ìyá àgbà ń pè wọ́n, kò sì gbà kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n bí àfín bá ní bí wọ́n ṣe dá òun lòun máa wà, tó ń rìn nínú oòrùn láìdé fìlà, láìwọ aṣọ alápá gígùn, láìfi ìpara tó ń dènà oòrùn para, oòrùn á dá egbò sí i lára, jẹjẹrẹ awọ sì lè tẹ̀lé e. Ìpara tó fi ń pa ara kì í ṣe ọ̀tẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá. Àmánà ló ń ṣọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ohun tí mo ń fi sí awọ yìí, ṣé ó ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an, àbí ó ń dí i lọ́wọ́? Awọ ló ń dí àrùn lọ́nà, òun ló ń pa omi ara mọ́, òun ló ń làágùn kí ara lè tutù. Dúdú tó wà nínú rẹ̀, ibòòji ni fún ara lábẹ́ oòrùn. Hydroquinone tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara tó ń bó ara kì í jẹ́ kí awọ rí dúdú yẹn ṣe. Mákúrì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba inú awọ lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara tó ní steroid, tí a bá ń lò ó láìgbàṣẹ dókítà, á sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí egbò iṣẹ́ abẹ fi lè ṣòro rán. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 2013 fi ọdún 2020 ṣe gbèdéke fún ìpara tí mákúrì inú rẹ̀ bá ju ìwọ̀n 1 nínú mílíọ̀nù 1 lọ. Síbẹ̀, ike tí kò ní orúkọ èròjà kankan lára ṣì pọ̀ lọ́jà. Fela ti fi orin bú àwọn tó ń bóra láti ọdún 1976. Èébú ò wò ó sàn.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà kò ju bí èmi gan-an ṣe ń ṣe lọ. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú sì lágbára: àtẹ́lẹwọ́ ni kí o ti hó o, má jẹ́ kó pẹ́ lójú. Má fi kàn-ìn-kàn-ìn họ ara bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò. Kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára ni kí o ti yọ́ òrí lọ́wọ́, kí o fi para, kí ó lè dé omi mọ́ inú awọ. Èmi tí mò ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, bí ọyẹ́ bá dé tí n kò fi òrí kún un, ẹsẹ̀ mi á là. Mu omi, jẹ ẹ̀fọ́, yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan, jìnnà sí sìgá, kí o sì sùn. Bí ọ̀sẹ̀ 4 ni awọ òkè fi ń para dà. Kò sí ẹni tó lè fi ipá mú un yá. Sùúrù ni baba ìwà, sùúrù náà sì ni ìtọ́jú awọ. Ẹni tó bá ní ìwà lẹwà kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn lé mi kúrò nídìí òrí mi.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi awọ ẹlòmíì ka ìwà rẹ̀. Jóòbù, tí àwa ń pè ní Ànábì Àyúbà, olóòótọ́ ni, eéwo sì bò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á ni Ọlọ́run bá wí. Ṣọ̀pọ̀ná fi àpá sójú ọ̀pọ̀ àgbà wa kí ayé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé sì kéde bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1980. Bí a ṣe tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni wọn yóò bi wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìnáwó, ẹ ka ara ike kí ẹ tó fi ohun inú rẹ̀ kan ojú yín. Bí kò bá sí orúkọ èròjà níbẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo ìpara tó ń bó ara, ẹ má tijú, ẹ má sì dédé pa èyí tó ní steroid tì fúnra yín. Ẹ lọ rí dókítà awọ, kí ẹ mú ike náà dání.