Kí Ló Wà Lábẹ́ Ọ̀dà?

Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń dán kì í jẹ́ ká ráyè béèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá rí Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tó rí róbótó bí igbá ẹ̀yìn ahun, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tuntun, tí oòrùn ń ta sí i lára, ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu wa ni pé, "Èyí mà gbayì o!" Fóònù á jáde, a ó ya àwòrán, a ó gbé e síta fún aráyé. Ó ṣọ̀wọ́n ká tó rí ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: bí a bá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, tó wá rẹwà lójú, àmọ́ tí ìbàjẹ́ náà ṣì wà nínú, ṣé a tún un ṣe ni, àbí a kàn kọ́ ọ ní irọ́ pípa?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, tí 504 fi wá di ọkọ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀. Ní ti Ìjàpá àtijọ́, Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn pátápátá, ní oṣù keje ọdún 2003. Ìyẹn ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí kò tíì lé ní ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kù ló wà lẹ́yìnkùlé àwọn bàbá wa, táyà ti jò, ewé máńgòrò ti bo gíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti wá ń sọ pé àwọn lè fọwọ́ ara àwọn tún un ṣe nínú ọgbà ilé. Wọn kò parọ́, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé òòlù níbẹ̀ máa tètè rí i pé iṣẹ́ náà ní ìbéèrè ìwà nínú, kì í ṣe ti irin nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀tá. Ọ̀tá ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe jàǹbá, omi ni. Irin pàdé omi, ó pàdé atẹ́gùn, ó ti tán. Ìpáàrà ni Bíbélì pè é. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á kàn sọ pé ọkọ̀ ti dógùn-ún. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ọ́, ibi tí ọ̀dà bá ti sán ni omi ń gbà wọlé. Lára Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Bí áásìdì rẹ̀ bá ń kán, ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń jẹ. Lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, irin gígùn kan wà tó ṣófo nínú bí àpótí. Ó ń gbé atẹ́gùn gbígbóná lọ síwájú ọkọ̀, òun náà ló sì ń mú kí ara ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Inú ni ìpáàrà ti ń jẹ irin yìí bọ̀ wá síta. Nígbà tí ọ̀dà bá fi máa wú kékeré bí ìléròrò, inú lọ́hùn-ún ti lè di fúlẹ́fúlẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún irú ibẹ̀ ṣe. Ọ̀nà kìíní: ẹ ha ibi tó wú, ẹ ki ìwé ìròyìn tàbí fóòmù bọ inú ihò, ẹ po bọ́dì fílà, ẹ fi dí i, ẹ fi sáńpépà fá a kó jọ̀lọ̀, ẹ fín ọ̀dà sí i. Ọjọ́ méjì ti tó. Ọ̀nà kejì: ẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò, kì í ṣe títí dé ibi tí ihò parí sí o, títí dé ibi tí irin tó mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ fi páálí wọn bó ṣe rí, ẹ gé páànù tuntun tó nípọn bákan náà, ẹ jó o mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, níbí lẹ́ẹ̀kan, lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ooru má bàa mú kí páànù náà lọ́. Ẹ fá ojú ibi tí ẹ jó, ẹ kun práímà, kí ẹ sì fọ́n epo tó ń dènà ìpáàrà sínú ihò àpótí náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lè má tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí: lọ́jọ́ tí ọkọ̀ méjèèjì bá jáde, ojú kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n jọ ń dán ni. Èyí tí wọ́n fi ọjọ́ méjì ṣe tiẹ̀ lè dán ju èkejì lọ.

A kò sọ pé fílà fúnra rẹ̀ burú. Kò sí pánẹ́bítà gidi tí kì í lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àléébù kékeré tí òòlù kò lè mú kúrò mọ́, kó nípọn bíi mìlímítà mẹ́ta, lórí irin tó mọ́ tónítóní. Àmọ́ fílà máa ń fa omi. Bí a bá fi dí ihò, ẹ̀yìn ni omi ń gbà bá a, á mu ún bíi kànrìnkàn, ìpáàrà á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun kan náà tó jẹ́ àtúnṣe lórí irin ló di irọ́ lórí ihò. Irọ́ kò sí nínú agolo fílà, ọwọ́ ẹni tó ń lò ó ló wà.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń tún ibi tó tẹ̀ wọnú ṣe. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọjú sí àárín ibi tó jìn jù, á máa fi òòlù gbá a látẹ̀yìn pẹ̀lú gbogbo agbára. Irin á ràn, á nà ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní padà sípò mọ́ àfi tí wọ́n bá fi iná pọ́n ojú kékeré lára rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tútù tẹ̀ ẹ́ kó lè sún kì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ wo bí jàǹbá náà ṣe wọlé. Ibi tó tẹ̀ kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ tú, láti etí lọ sí àárín, bí ìgbà tí èèyàn ń tú kókó okùn. Yóò gbé irin wúwo kan ti ẹ̀yìn páànù, yóò máa fi òòlù fẹ́ẹ́rẹ́ lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Lẹ́yìn náà ni yóò dijú, tí yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ibẹ̀, torí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú kò rí. Bó bá wá kan fílà, yóò fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sí i kó tó fi sáńpépà tí wọ́n wé mọ́ igi gígùn fá a. Ibi tó bá ṣì dúdú lẹ́yìn fífá, ibẹ̀ ló ṣì jìn.

Ṣé ẹ rí i? Ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún bíbo nǹkan mọ́lẹ̀. Wíwá òótọ́ ni wọ́n wà fún. Oníṣẹ́ tó fọ́n ọ̀dà dúdú yẹn ń bẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ pé kó tú òun fó kí ẹlòmíì tó rí i.

Nílẹ̀ Yorùbá, irin kì í tún ṣe ohun èlò lásán. Ògún ló ni ín. Ní kóòtù, bí Mùsùlùmí ṣe ń fi Kùránì búra, tí Kristẹni ń fi Bíbélì búra, oníṣẹ̀ṣe lè fi irin búra. Àwọn baba wa gbà pé ẹni tó bá fẹnu kan irin kò gbọdọ̀ parọ́. Ẹ mú òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kó má bàa ha ọ̀dà, ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ yí ká. Níbi tí irin wà nítòsí, á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí fílà ti nípọn, á já bọ́. Òòfà kò mọ àwọ̀, kò mọ iye tí wọ́n san. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: irin dà?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ fara balẹ̀ jàre. Ṣebí ọ̀dà fúnra rẹ̀ bíbò ni? Ẹni tó kun àtíkè, ṣé ó parọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀ṣọ́ àti ìbòjú. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọ̀dà ni ọ̀dà. Kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n bí irin ní pupa. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ kò ju èyí lọ: ṣé ohun tí a ṣe yìí, a lè sọ ọ́ létí ẹni tó fẹ́ rà á, kó má sì yí ọkàn padà? Bó bá jẹ́ pé àfi tí a bá dákẹ́ ni ọjà fi máa tà, ìdákẹ́ yẹn ti di ara ọjà. "Kò béèrè ni mi ò fi sọ" kò lè gbà wá sílẹ̀, torí a mọ ìdí tí kò fi béèrè. Dídán yẹn la fi pa á lẹ́nu mọ́.

Àtakò kejì ló le jù. Owó ńkọ́? Oníbàárà tó ní kí ọkọ̀ jáde lọ́la, tó sì dúnàádúrà títí owó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ra páànù, kí ló fẹ́ kí pánẹ́bítà ṣe? Níbi tí wọ́n ti ń san owó fún dídán nìkan, dídán ni wọ́n máa rí gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò wá sí lórí oníṣẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n àìlówó kò sọ irọ́ di dandan. Àwọn àgbà wí pé àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. Ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Àbùlẹ̀ kì í sá pa mọ́. Páànù tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ rí wúruwùru, tí wọ́n kàn kùn ní práímà, tó sì le, ó sàn ju èyí tó jọ̀lọ̀ tí ìwé ìròyìn wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ kò ní já sílẹ̀. Bí owó bá dé lọ́la, a lè wá sọ ọ́ di arẹwà.

Ara èèyàn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jó irin lágbègbè yẹn gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kó sì ti tú bátìrì. Eruku fílà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú, ọ̀dà tí wọ́n ń fín kò sì sàn fún ẹ̀dọ̀fóró. Ọkọ̀ tó rẹwà tí ọmọ iṣẹ́ kan fi ojú rẹ̀ dí nítorí pé kò sẹ́ni tó ra gíláàsì ìbojú fún un, òun náà ní nǹkan lábẹ́ ọ̀dà.

Ó wá ku ìbéèrè kan: bí a bá pààrọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀, tí a pààrọ̀ fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n kúkú fi bóòtù dè mọ́ ọn lásán, ṣé ọkọ̀ Bàbá náà ló ṣì jẹ́? Ẹ wo ọkọ́ àgbẹ̀. Ẹ̀rùkọ́ rẹ̀ kán, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Irin rẹ̀ jẹ tán, alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn. Ọmọ-ọmọ ṣì ń pè é ní ọkọ́ bàbá àgbà, kò sì parọ́, torí gbogbo ilé ló mọ ọjọ́ tí ẹ̀rùkọ́ kán. Ìtàn tí kò já ló so ó pọ̀. FIVA, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́, gba ìwé ìlànà kan wọlé lọ́dún 2012 tí wọ́n ń pè ní Turin Charter. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí àwọn ẹ̀yà tuntun kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Ohun tí ọmọ àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé òòlù lẹ́yìnkùlé, fóònù tí ẹ fi ń ya ọkọ̀ tó ti dán, ẹ fi ya ihò náà kí ẹ tó dí i. Ẹ ya irin tí ẹ gé sọnù, ẹ ya àbùlẹ̀, ẹ ya ojú ibi tí ẹ jó kó tó di pé ọ̀dà bò ó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ fún un ní ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì fún un ní àwọn àwòrán yẹn.