Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ohun Tí Wọ́n Ṣe Ní Bajor?

Ìbéèrè kan ni ó dá ariwo sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-kéwú tí mo ti ń kọ́ni, mo sì rí i pé kò yẹ kí n fi ìdáhùn rẹ̀ mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì nìkan. Ìbéèrè náà ni pé: ẹni tí a bá ti fi ìyà jẹ láìnídìí, ǹjẹ́ ohun kan tún kù tí kò gbọdọ̀ ṣe sí ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹ́? Ọmọkùnrin kan ní kò sí. Ó ní ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ju òkò kò gbọdọ̀ bínú bí òkò bá bà á. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn bi í pé, "Bí òkò náà bá ba ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" Bí kíláàsì ṣe pín sí méjì nìyẹn.

Inú ìtàn ayé kan tí kò sí ni mo ti mú ìdáhùn fún wọn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìjàpá tí àwọn ìyá wa fi àlọ́ rẹ̀ tọ́ wa kò sọ̀rọ̀ rí. Àwọn ẹranko inú Kalila wa Dimna tí a kà ní ilé-kéwú kò gbé ààfin rí, síbẹ̀ a kọ́ ọgbọ́n ìlú lára wọn. Nígbà mìíràn, ibi tí kò kan baba ẹnikẹ́ni nínú wa ni a ti lè dá ẹjọ́ láìgbè sí ẹnìkan.

Bajor ni orúkọ ayé náà. Àwọn tí ó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek ní Amẹ́ríkà ni ó dá a sílẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn ará Bajor àti àwọn ará Cardassia hàn wá. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993 títí di ọdún 1999, odidi eré kan tí wọ́n pè ní Deep Space Nine dá lé wọn lórí. Nínú eré náà, bí ilẹ̀ ti pín fún wa ní ayé níbí ni ojú ọ̀run ṣe pín: ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ayé tí ń yí i ká, ayé kọ̀ọ̀kan sì ní aláṣẹ àti ààlà. Ìràwọ̀ Bajor bọ́ sí ẹnubodè. Federation wà ní apá kan, ìyẹn ìjọba àpapọ̀ tí ayé tiwa yìí wà nínú rẹ̀. Cardassia tí àwọn ológun ń ṣàkóso wà ní apá kejì.

Àwọn ará Bajor kì í ṣe ẹni àná. Wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n ti ń gbẹ́ ọnà, wọ́n sì ti ń ronú jinlẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ayé mìíràn tó lajú. Wọ́n ní ìtàn kan pé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, àwọn baba ńlá wọn fi ọkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tì, bí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọkọ̀ ojú omi, rìn dé Cardassia. Cardassia ní irọ́ ni. Nínú eré kan tí ó jáde ní 1995, ọ̀gá ibùdó, Benjamin Sisko, kan irú ọkọ̀ náà gan-an, ó wọ̀ ọ́, ó sì gúnlẹ̀ sí ojú ọ̀run Cardassia. Ọjọ́ náà gan-an ni Cardassia kéde pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àfọ́kù ọkọ̀ Bajor àtijọ́ kan nínú ilẹ̀ wọn. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi í sọ́kàn: ẹni tí ó gba ilẹ̀ rẹ yóò gba ìtàn rẹ pẹ̀lú, kò sì ní dá a padà àfi bí ojú bá tì í.

Kí ni ó gbé Cardassia wá? Ebi ni. Ayé wọn gbẹ, ohun inú ilẹ̀ wọn kò tó nǹkan, àwọn ènìyàn wọn sì ń kú. Àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì bọ́ ìlú nípa kíkó ohun ìní ẹlòmíràn. Ó tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi jókòó lé Bajor lórí, wọ́n ń wa ohun inú ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń kó tọkùnrin-tobìnrin sí àgọ́ iṣẹ́ ipá. Wọ́n ní kí àwọn ẹrú kọ́ ibùdó ńlá kan sí ojú ọ̀run, Terok Nor, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Gul Dukat ni ajẹ́lẹ̀ wọn níbẹ̀. Federation ń wò wọ́n láti òdìkejì ààlà. Òfin wọn ni pé àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, wọ́n sì pe ìparun Bajor ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé Cardassia. N kò mọ bí ẹ̀bi aládùúgbò tí ó dákẹ́ ti tó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ní tirẹ̀ nínú.

Ní ọdún 2369, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò inú eré náà, Cardassia kó ẹrù wọn wọ́n sì lọ, nítorí àwọn ajàjàgbara Bajor kò jẹ́ kí wọ́n simi. Federation wá bá ìjọba fìdí-hẹẹ́ Bajor mójú tó ibùdó náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Sisko ṣàwárí ọ̀nà àbùjá kan lẹ́bàá Bajor, ihò tí ènìyàn yóò gbà lọ sí òpin ojú ọ̀run kejì ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ayé tálákà tí wọ́n kó gbẹ tán wá di ibi tí gbogbo alágbára ń dù. Ẹgbẹ́ kan dìde ní Bajor tí ó ní kí gbogbo àjèjì kúrò, Federation pẹ̀lú. Ta ni ó ń kó ohun ìjà fún wọn ní ìkọ̀kọ̀? Cardassia ni. Wọ́n fẹ́ kí ìkórìíra àwọn ará Bajor lé Federation lọ kí àwọn lè padà wá jókòó. Jaro, mínísítà tí ó ń darí ẹgbẹ́ náà, kò mọ ẹni tí ó ń bọ́ iná òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ gbígbóná kó jọ, ẹ rántí Jaro.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè wa, kí n sì kọ́kọ́ mú Dukat jáde. Ó máa ń ṣàròyé pé òun ṣe àwọn ará Bajor lóore. Nígbà tí òun dé, òun dín iṣẹ́ àgọ́ kù sí ìdajì, òun fòpin sí fífi ọmọdé ṣiṣẹ́, òun fi kún oúnjẹ wọn. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, àwọn ajàjàgbara fi bọ́ǹbù pa igba ènìyàn òun àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà sì pa igba wọn. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé títí di òní, kò sí ère òun kan ṣoṣo ní Bajor. Ẹ wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ó fi kún oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ta ni? Olè tí ó kó àpò ìrẹsì rẹ, tí ó bu kóńgò kan padà fún ọ, tí ó wá ń retí ìdọ̀bálẹ̀! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá lẹ́jọ́. Bí gbogbo ará Cardassia bá jẹ́ Dukat ni, kíláàsì mi kì bá tí jiyàn.

Ẹni tí ó mú ẹjọ́ náà le ni Aamin Marritza, nínú eré tí wọ́n pè ní Duet ní 1993. Ọkùnrin ará Cardassia kan ṣàìsàn dé ibùdó. Irú àìsàn rẹ̀ kì í mú ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ẹni tí ó wà ní àgọ́ Gallitep lọ́jọ́ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ nínú ibi ìwakùsà rẹ̀. Kira Nerys, obìnrin ajàjàgbara tí ó wà lára àwọn tí ó tú Gallitep sílẹ̀, tí ó sì ti rí òkú àti òkúùgbé tí ó wà níbẹ̀, ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní òun kò débẹ̀ rí. Ó tún ní òun débẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ń to fáìlì lásán ni òun. Nígbà tí àwòrán àtijọ́ jáde, wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ ni ojú Gul Darhe'el, ọ̀gá àgọ́ náà, apànìyàn tí gbogbo Bajor mọ̀. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu: òun ni mo pa wọ́n, inú òun dùn, bí òun bá tún rí àyè òun yóò tún ṣe é.

Irọ́ ni. Darhe'el ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò tilẹ̀ sí ní àgọ́ ní ọjọ́ ìjàǹbá náà. Akọ̀wé ni ọkùnrin yìí lóòótọ́. Ní alaalẹ́ ní Gallitep, ó máa ń fi ọwọ́ di etí kí ó má baà gbọ́ igbe àwọn ẹrú, ó ń sunkún, kò sì ṣe ohun kan. Ìtìjú yìí ni ó bá a gbé títí ó fi lọ yí ojú rẹ̀ padà kí ó lè jọ Darhe'el, kí Bajor lè gbé e lọ sí kóòtù, kí gbogbo Cardassia sì rí ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n lè sọ pé àwọn jẹ̀bi. Ó fẹ́ kí wọ́n pa òun ní ipò ẹni tí kì í ṣe òun.

Ǹjẹ́ Marritza jẹ̀bi? Mo bi kíláàsì, ilé pa rọ́rọ́. Èmi rò pé ó jẹ̀bi. Ó to fáìlì àwọn òkú, ó jẹun lára owó oṣù rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ̀bi ẹni tí ó dákẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi Darhe'el. Òun fúnra rẹ̀ ni kò gbà pé ẹ̀bi ní ìwọ̀n. Ó fẹ́ ru gbogbo rẹ̀. Kira, tí ó ti fẹ́ kí wọ́n pa á ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó mú un rìn lọ síbi ọkọ̀ kí ó lè padà sílé. Lójú ọ̀nà, ọmọ Bajor kan gún un lọ́bẹ láti ẹ̀yìn. Kira béèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ará Cardassia ni, ìyẹn sì tó. Kira ní rárá, kò tó. Apànìyàn náà kò mọ Marritza, kò béèrè ohun tí ó ṣe. Ó pa ẹni kan ṣoṣo tí ó ṣe tán láti kú kí òótọ́ nípa Bajor lè jáde.

Mo fẹ́ kí ìtàn Kira parí síbẹ̀, kò sì parí síbẹ̀. Ní 1997, ọkùnrin ará Cardassia mìíràn, Silaran Prin, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí wọ́n jọ jà pẹ̀lú Kira lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìránṣẹ́ inú ilé ni Prin nígbà ìjọba amúnisìn, aṣọ ọ̀gágun ni ó ń fọ̀. Bọ́ǹbù Kira pa ọ̀gágun náà àti ìdílé rẹ̀, ó sì ba Prin lójú jẹ́. Nígbà tí ó mú Kira, oyún wà nínú Kira, Prin sì ń wá bí yóò ti gba ọmọ inú rẹ̀ là, nítorí ó ní ọmọ kò mọ nǹkan kan. Ìdáhùn Kira ni pé gbogbo ará Cardassia tí ó tẹ ilẹ̀ Bajor ni ó jẹ̀bi, alágbàfọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bá ọ̀gágun jà ní ilẹ̀ baba rẹ̀, kódà nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún Prin yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gún Marritza, ẹnu rẹ̀ ni ó ti fi kọ ọ̀rọ̀ náà ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Prin náà kò mọ́: àwọn tí ó ń pa lẹ́yìn tí ogun ti parí, kò sí adájọ́ kan tí ó fi wọ́n lé e lọ́wọ́.

Ẹ má sì rò pé nígbà tí àjèjì bá lọ tán, ìnira ti bá wọn lọ. Ìjọba Bajor fúnra rẹ̀ fẹ́ fa iná inú ilẹ̀ Jeraddo, òṣùpá wọn kan, láti fi mú ilé àwọn aráàlú móoru. Àgbẹ̀ arúgbó kan, Mullibok, tí ó sá kúrò ní àgọ́ Cardassia tí ó sì ti ń dáko níbẹ̀ láti ogójì ọdún, kọ̀, kò lọ. Kira ni wọ́n rán. Ó fẹ́ràn bàbá náà, ó bá a mọ iná ìléru tí bàbá ń kọ́, lẹ́yìn náà ó dáná sun ilé rẹ̀ ó sì mú un lọ.

Ní òpin gbogbo rẹ̀, ní 1999, ayé yí po. Dominion, alágbára kan tí ó gba ọ̀nà àbùjá náà wá, jókòó lé Cardassia fúnra rẹ̀ lórí. Àwọn ọmọ ogun Cardassia díẹ̀ ṣọ̀tẹ̀, Damar ni olórí wọn, wọn kò sì mọ bí ẹni tí kò ní agbára ti ń jà. Ta ni wọ́n rán sí wọn láti kọ́ wọn? Kira ni. Damar yìí ni ó pa Ziyal, ọmọbìnrin Dukat tí Kira fẹ́ràn bí àbúrò. Ìròyìn dé pé Dominion ti pa ìyàwó Damar àti ọmọ rẹ̀. Damar ń ké pé irú ènìyàn wo ni ó ń pàṣẹ kí wọ́n pa obìnrin àti ọmọdé tí kò ṣẹ̀. Kira dá ìbéèrè náà padà fún un, ó ní òun náà ń béèrè. Kò fi kún un. Ó kábàámọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní ọjọ́ ọ̀fọ̀ kọ́ ni ó yẹ kí òun sọ ọ́, ṣùgbọ́n Garak, ará Cardassia, ní kò burú, ó yẹ kí Damar gbọ́ ọ. Nígbà tí Rusot, ọ̀rẹ́ Damar tímọ́tímọ́, na ìbọn tí ó fẹ́ pa Kira, Damar yìnbọn pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní Cardassia tí Rusot ń jà fún ti kú, kò sì ní padà wá mọ́.

Ọmọbìnrin tí ó jókòó lẹ́yìn ṣì sọ pé mo le jù fún Marritza, àwọn ọmọkùnrin sì sọ pé mo rọ̀ jù fún Prin. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní èrò tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú kí oṣù tó parí. Èmi yóò kà á sí etí kíláàsì.