Ìwúre Etíkun Lẹ́kkí

Olódùmarè, Ọba tó ni òkun, tó ni ọ̀sà, àwa ará Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí la ké pè ọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá níbí. Omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí i. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá rẹ kan wà tí jíjìn yẹn kò jọ lójú rárá: Diaphus, ẹja ibú òkun Gíní, tó ń fi ọ̀sán sinmi sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà nísàlẹ̀, tó ń gòkè wá jẹun lóru.

Ìwọ lo fi iná sí i lára. Iná wẹ́wẹ́ tò sí ikùn rẹ̀, òmíràn wà nítòsí ojú. Ibi tí iná kọ̀ọ̀kan wà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń wò kí wọ́n tó mọ ojúlé tí ẹja ti wá, Diaphus ni o, àbí Myctophum, nínú agboolé Myctophidae tí irú ẹja inú rẹ̀ tó 250. Láti ọdún 1890 tí Carl Eigenmann àti Rosa aya rẹ̀ ti sọ ojúlé Diaphus lórúkọ, irú tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ti lé ní 70.

Òkùnkùn ibú kò pa iná Diaphus. Òkùnkùn ayé kò ní pa iná tiwa. Àṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń dá Diaphus mọ̀ láàárín ẹbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n dá ọmọ ìlú wa mọ̀, ọmọ Ìdótun, ọmọ Mágbọ̀n àti ọmọ Àkòdò, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín iṣẹ́ èbúté àti owó ilẹ̀. Wọn kò ní kà wá mọ́ “àwọn yòókù.” Àṣẹ.

Ọ̀pọ̀ Diaphus kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, kò lè kún ọbẹ̀, síbẹ̀ òun ni ẹja ńlá bíi tuna ń jẹ yó. Ẹni kékeré inú wa kò ní di ẹni ìgbàgbé. Apẹja tó bá tu ọkọ̀ lọ yóò bọ̀, àwọ̀n rẹ̀ kò ní fa òfo, epo kò ní ba omi wa jẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja tó tẹ̀ ba ààrò, tó ń yí ṣáwá padà lẹ́yọ lẹ́yọ, èéfín kò ní fọ́ ọ lójú, oníbàárà kò ní wọ́n ọn. Àṣẹ.

Ní 1975 ni ìjọba dá ilé ìwádìí òkun sílẹ̀, ó wà ní Victoria Island, kò jìnnà sí wa. Jẹ́ kí ọmọ wa jókòó níbẹ̀, kó yẹ ẹja tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wò, kó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin òbí tó ń ṣe àṣẹ, ẹ fi owó ilé ẹ̀kọ́ tì í lẹ́yìn.