Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Láti Tún Ojú Tí A Bí Mọ́ni Ṣe?

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Jòhánù 9:1-12, Lúùkù 1:18-22 àti 57-64

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè ìdí tí mi ò fi fi ohùn ránṣẹ́ mọ́, tó jẹ́ pé kíkọ ni mò ń kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn. Àwọn kan tilẹ̀ gbọ́ pé mo ní jàǹbá ọkọ̀. Kò sí jàǹbá kankan. Iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi rìn lọ síbẹ̀. Wọ́n gé egungun àgbọ̀n mi, wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kéékèèké àti síkúrù dè é mọ́ ibi tuntun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín fúnra mi, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo jẹ ẹnì kan ní gbèsè lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ á rántí orúkọ tí wọ́n ń pè mí: Alágbọ̀n. Bí mo bá pa ẹnu dé, eyín ìsàlẹ̀ á yọ síwájú eyín òkè. Mi ò lè fi eyín iwájú gé búrẹ́dì, ọwọ́ ni mo fi ń ya á kí n tó fi sẹ́nu. Bí mo bá ń wàásù, ètè ìsàlẹ̀ kì í bá eyín òkè pàdé dáadáa, ọ̀rọ̀ tó bá ti ní "f" nínú a máa jáde bí ẹni pé iná ni mò ń fẹ́. Nígbà tí mo fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí láràárọ̀, àwọn eyín tí mo fi ń lọ oúnjẹ sì ti gbó ju ọjọ́ orí mi lọ.

Dókítà eyín ṣàlàyé fún mi pé bó bá ṣe pé ọmọdé ni mí, tí egungun ṣì ń dàgbà, ọ̀nà mìíràn lè wà. Àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà eyín, ìyẹn bréésì, eyín ló ń sún, kì í sún egungun àgbọ̀n. Nítorí náà, wáyà ni yóò kọ́kọ́ wà lẹ́nu mi fún bí ọdún kan àbọ̀, iṣẹ́ abẹ yóò tẹ̀ lé e, wáyà yóò sì tún wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní gbogbo ọdún kan àbọ̀ yẹn, ńṣe ni ẹnu mi ń burú sí i. Láti kékeré, eyín òkè ti fì síta, ti ìsàlẹ̀ ti fì sínú, kí wọ́n lè máa wá ara wọn rí. Wọ́n ń bá egungun bo àléébù mọ́lẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀. Ìgbà tí wáyà wá na olúkúlùkù wọn dúró ṣánṣán, ìgbà yẹn ni gbogbo ayé rí bí àlàfo náà ti tó. Àwọn ará ìjọ ní, "Ajíhìnrere, ẹ yọ wáyà yìí jàre, kò mà ṣe yín lóore kankan."

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gbèsè mi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí n tó lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Tirẹ̀, eyín òkè ló yọ síta, ètè rẹ̀ kì í pàdé. Ó béèrè bóyá ó burú kí òun máa fi owó pamọ́ láti tún un ṣe. Mi ò ronú fún ìṣẹ́jú kan. Mo ní Ọlọ́run kì í ṣe àṣìṣe, mo ní kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ní ìtẹ́lọ́rùn. Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bó ṣe máa ń bò ó, ó lọ. Inú mi dùn sí ìdáhùn mi. Mo tilẹ̀ fi í sínú ìwàásù lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e!

Nígbà tó wá kan èmi náà, mo sọ fún olùṣọ́-àgùntàn wa pé nítorí oúnjẹ jíjẹ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìdajì rẹ̀ ni pé ó ti sú mi kí n máa yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò. Mo fi ìrora bo ìtìjú, nítorí ìrora ṣeé sọ nílé Ọlọ́run, ìtìjú kò ṣeé sọ.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wá kí mi nílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n jókòó, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni ojú tí Ọlọ́run fún ọ ṣe?" Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tí olóòlà fi abẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Rọ́bà ló dè mí lẹ́nu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ǹ bá rẹ́rìn-ín. Mi ò fi Bàbá ṣẹ̀sín o. Ìfẹ́ ló gbé wọn wá, ọsàn ni wọ́n sì gbé dání, tí mi ò lè jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwa Yorùbá ti ń fọwọ́ kan ojú tipẹ́, a kì í sì í sọ pé a fi bá Ẹlẹ́dàá jà.

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan, Simon Hullihen, nílùú Wheeling. Ní 1849 ló kọ ìròyìn iṣẹ́ abẹ àgbọ̀n tó ṣe fún ọ̀dọ́bìnrin kan tí iná jó nígbà èwe. Àpá iná náà ti fa àgbọ̀n rẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ yẹn wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí a ní àkọsílẹ̀ wọn. Ta ni nínú wa ni yóò sọ fún ọmọ yẹn pé kó lọ ní ìtẹ́lọ́rùn? A ó ní iná ló ṣe é, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú àgbọ̀n kan náà bá ti inú ìyá wá, a ó ní Ọlọ́run ló ṣe é, ẹ fi sílẹ̀. Egungun kan náà ni o. Oúnjẹ kan náà ni kò ṣeé jẹ.

Ọkùnrin inú Jòhánù orí kẹsàn-án, wọ́n bí i ní afọ́jú ni. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn fẹ́ mọ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Jésù kò bá wọn mú ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan, kò sì sọ fún ọkùnrin náà pé bó ṣe wáyé nìyẹn, kó máa bá a lọ. Ó po amọ̀, ó fi kùn ún lójú, ó ní kó lọ wẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ ni mo kọ lórí orí yìí nígbà tí mo ń ṣe dípúlómà, mi ò sì rí i!

Lẹ́yìn tó wẹ̀ tán, àwọn aládùúgbò ò dá a mọ̀ dáadáa. Àwọn kan ní òun ni, àwọn kan ní ó kàn jọ ọ́ ni. Èyí yé mi báyìí. Ní ọjọ́ kẹta, ojú mi wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Èyí kì í ṣe Dádì." Mi ò lè pè é dáadáa. Mo wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ṣe máa ń ṣe bí mo bá ti òde dé. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó di ìka mi mú, kò wo ojú mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó jẹ́ ògì, mílíìkì àti omi ọbẹ̀ ni mo fi gbéra. Ìyàwó mi ń lọ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ pọ̀ nínú bùlẹ́ńdà. (Ẹ má dán an wò.) Àlùmọ́gàjí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n lè tètè gé rọ́bà bí èébì bá fẹ́ gbé mi. Ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mi kú tipiri, nítorí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ síbẹ̀ gba inú egungun tí wọ́n gé kọjá. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀: ti ẹlòmíràn máa ń padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ti ẹlòmíràn kì í padà tán. Ògì á máa ṣàn sílẹ̀ lẹ́nu mi, mi ò ní mọ̀, àfi bí ìyàwó mi bá nà mí ní aṣọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní mo sọ pé kó lọ ṣe é, irọ́ ni. Mo kàn sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àbí ẹ rò pé gbogbo ohun tí mo tún ṣe ló yẹ ní títúnṣe? Màmá mi wá kí mi lọ́sẹ̀ karùn-ún. Wọ́n fọwọ́ pa àgbọ̀n mi, inú wọn dùn. Wọ́n wá ní kí n la ètè. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Èjí mi dà?" Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún èjí yẹn, àwọn náà jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Dókítà ti bi mí léèrè kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bóyá kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dí i, nítorí mo ti kórìíra gbogbo ẹnu mi lápapọ̀. Èjí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Màmá mi ò bínú, wọ́n kàn dákẹ́ ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwo. Bí ẹ bá bi mí léèrè ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti lè wọlé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ yẹn ni mo máa nawọ́ sí, kì í ṣe abẹ dókítà.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹnu mi wà ní dídè, bíi Sakaráyà tó ń kọ̀wé sórí wàláà, orí fóònù ni mo ń tẹ ìdáhùn mi sí. Ó lọ́ra. Arákùnrin kan wá, ó sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún odindi wákàtí kan. Kí n tó tẹ ìlà méjì, ó ti dìde, ó ń dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn mi. Ìdákẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ arábìnrin náà fi rí mi mú. Ká ní mo lọ́ra bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wá, bóyá ǹ bá bi í léèrè bóyá ó ń dùn ún.

Mo kọ̀wé sí i lálẹ́ Sátidé. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sọ pé èmi ni mo ṣì í sọ, mo sì tọrọ àforíjì. Ó fèsì láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè: "Mo ti rí i, sà. Mo ti ná owó yẹn sórí nǹkan mìíràn." Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.

Arákùnrin mìíràn ni yóò darí ìpàdé àdúrà alẹ́ òní o. Ìka méjì péré ni ẹnu mi là dé báyìí. Ìka mẹ́ta ni dókítà fẹ́.