Ki Ìbọn, Ki Ẹran

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ló ń jà rànyìn nínú yàrá wa láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì rò pé kí n gbé e wá síwájú yín kó tó dìjà. Òun nìyí: bí èèyàn bá fẹ́ pa ẹran tó ń ba oko jẹ́, tó fara balẹ̀, tó wọn ẹ̀tù, tó ki ọta, tó fojú sùn ún dáadáa, tí ẹran náà sì kú lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ̀rora, ṣé ìfarabalẹ̀ yẹn ti sọ pípa náà di ohun tó tọ́? Ẹnì kejì mi ní yàrá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú ìbọn yíyìn kò ju kéèyàn tàsé lọ. Èmi ní rárá, ó kù díẹ̀.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé kan tó kà nípa àwọn ọlọ́bọn kan ní Amẹ́ríkà. Ọta tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kò tẹ́ wọn lọ́rùn, torí náà wọ́n ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Wọ́n á ṣa ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á bu ẹ̀tù tuntun sí i, wọ́n á fi orí ọta lé e. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù yẹn ló wù mí: grain ni wọ́n ń pè é, láti ara hóró ọkà bálì ló ti wá, 7,000 rẹ̀ ló sì wà nínú pọ́ùn kan. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá grain kan ṣoṣo yàtọ̀, wọn á dà á nù, wọn á tún un wọ̀n. Nítorí kí ni? Nítorí ẹran kan tí kò ju òkété lọ, prairie dog, tó nàró lẹ́nu ihò rẹ̀ lọ́nà jíjìn réré. Àlàyé wọn ni pé ọta tí kò péye máa ń ṣe ẹran léṣe ni, á wọ́ wọ ihò lọ, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Mo gbà fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Àdúgbò wa ní Ìgàndò ní ọdẹ kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Kí ilé tó kún ibẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń ṣọ́ fáwọn èèyàn. Nígbà tí oko di ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ilé. Ṣakabùlà ni ìbọn ẹ̀, èyí tí à ń ki láti ẹnu. Òfin ìbọn ti 1959 fi irú ẹ̀ sí ìsọ̀rí tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá kò ní òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà kankan. Ìwo ẹran kékeré kan ló fi ń bu ẹ̀tù, mi ò sì rí i rí kó ṣe é láìwo nǹkan tó ń bù. Á da ẹ̀tù sí i, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà lọta á tó kàn. Tẹ́ ẹ bá kí i lákòókò yẹn, kò ní dáhùn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Akọ́wé, ìbọn tó bá yó jù, ọlọ́bọn ló ń bù jẹ.”

Kì í yá o. Nígbà ogun Kírìjí (1877 sí 1886), ara ohun tó kó ìyà jẹ Ìbàdàn ni pé ọwọ́ Èkìtìparapọ̀ ti tẹ ìbọn òyìnbó tuntun tí à ń fi ọta sí nídìí, tí wọ́n ń rà wá láti Èkó. Kí ọlọ́ṣakabùlà tó ki ẹyọ kan tán, ti ọ̀hún ti dún léraléra. Lójú ogun, kéèyàn pẹ́ lẹ́nu ìbọn kíki, ikú ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ṣì máa gbèjà pípẹ́ yẹn.

Ẹ má rò pé mo wá gbè sẹ́yìn ọ̀yà. Ọ̀yà á wọ oko àgbàdo lóru, á gé e nídìí, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó yáwó gbin àgbàdo kò ní fẹ́ gbọ́ fìlọ́sọ́fì akẹ́kọ̀ọ́ kankan láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi náà sì ń jẹ ọ̀yà, ká má purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òkété. Tẹ́ ẹ bá sọ òkò pa á nítòsí ààtàn Solous lọ́nà LASU sí Ìṣẹrì, ta ló máa bi yín? Ní Tànsáníà, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ìbátan òkété wa yìí láti máa gbóòórùn ohun abúgbàù nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Kàǹbódíà, ó sì bá wọn rí bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ tó lé ní 100. Kò wúwo tó láti tẹ̀ ẹ́ kó bú. Wọ́n fún un ní mẹ́dàlì wúrà láti Ìlú Ọba lọ́dún 2020, ó kú ní oṣù kìíní 2022. Ẹran tí àwa ń ki ẹ̀tù dè, òun ni wọ́n fi ń wá ẹ̀tù kiri níbòmíràn kí ọmọ aráyé má bàa kú. Mi ò ní kí àgbẹ̀ lọ gba òkété síṣẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé “abokojẹ́” kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹran kankan, ibi tó bá wa pàdé la fi ń sọ ọ́ lórúkọ.

Èdè wa gan-an ń bá wa ṣeré lórí ọ̀rọ̀ yìí. À ń ki ìbọn, à ń ki èèyàn. À ń yin ìbọn, à ń yin ẹni tó ṣe dáadáa. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, kí olùkọ́ ẹ̀dá-èdè má bàa lé mi jáde ní kíláàsì. (Ọta àti ọ̀tá ńkọ́? Àmì ohùn nìkan ló là wọ́n, bí ẹ̀rọ fótókọ́pì wa bá sì jẹ ẹ́, wọ́n di ọ̀kan.) Ṣùgbọ́n ọdẹ ń ṣe méjèèjì lóòótọ́. Nínú ìjálá, ó máa ń ki erin, ó máa ń ki ẹfọ̀n, ó máa ń ki ọ̀bọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó irú ẹ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1966. Ẹ ò lè ki ohun tẹ́ ò wò rí. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń sùn, ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń rìn, irú ìyá tó bí i. Ọdẹ á tún pa á, mo mọ̀, á sì jẹ ẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ó mọ ohun tó pa ni. Òṣùwọ̀n grain péye gan-an ni, àmọ́ ẹ̀tù nìkan ló ń wọ̀n.

Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà, ẹ ó rántí bí ẹ̀rù ṣe gba ìlú: wọ́n ní àwọn One Million Boys ń bọ̀. Láti Agége dé Alímọ̀ṣọ́ títí wọ ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọkùnrin ò sùn, táyà ń jó lóríta. SS1 ni mo wà. Àwọn lándílọ́ọ̀dù wa pe Bàbá Ọdẹ, wọ́n ní kó ki ìbọn ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní eku làwọn ọmọ yẹn, bí eku ni kó ṣe wọ́n. Mo gbọ́ ọ. Nínú àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń pè léku, ọ̀kan wà tá a jọ jókòó ní kíláàsì, tí ìyá ìyá ẹ̀ máa ń kì lójoojúmọ́ kó tó lọ sílé ìwé. Mo lè kì í títí dòní.

Bàbá bi wọ́n pé, “Ta lẹ mọ oríkì ẹ̀ nínú wọn?” Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Lóru kẹta ni alága àdúgbò rí i pé ẹ̀tù àti àkísà nìkan ló wà nínú ìbọn, kò sí ọta. Ariwo ta.

“Bàbá, tí wọ́n bá wá gan-an ńkọ́?”

“Ọta wà lápò mi. Kí n tó kì í tán, n ó ti rí ojú ẹni tó ń bọ̀.”

Alága ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá lóru náà, ìyẹn ò sì fi hàn pé Bàbá jàre. Ká ní wọ́n wá ni, bóyá èmi tí mò ń kọ èyí lè má sí. Síbẹ̀ ẹ̀yìn Bàbá ni mo wà. Àwọn yòókù ti sọ ọmọ èèyàn di eku kí wọ́n tó rí ojú ẹnì kankan. Òun nìkan ló fẹ́ rí i ná.

Ẹnì kejì mi ní ọ̀rọ̀ yìí kò le: ká ní Bàbá mọ ìbọn yìn bíi ti ará Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ ni ì bá yìn ín sí. Mo ní ṣakabùlà wo ló ń ṣa ẹsẹ̀ lẹ́sà nínú òkùnkùn Ìgàndò, nígbà tí NEPA ti múná lọ? Ó ní òun á dáhùn nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹ bá mi dúró dè é.