Ataare Àpòmù, Idà Òwu

Ta ló yẹ kó lágbára jù nínú ìtàn: ẹni tó mọ idà á lò ni, àbí ẹni tó mọ ọfọ̀ ọ́ pè? Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìbéèrè yìí ti ń fa awuyewuye láàárín àwọn tó ń ṣeré Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Àwọn òṣèré a jókòó yí tábìlì ká, kálukú a ní ẹ̀dá inú ìtàn tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀, ẹnìkan a sì máa pa ìtàn náà bó ṣe ń lọ. Dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tí ẹ̀dá náà dáwọ́ lé bọ́ sí i. Láti ọjọ́ kìíní ni jagunjagun ti wà níbẹ̀, tí olóògùn náà sì wà.

Jagunjagun ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Lónìí ó pa ẹnìkan, lọ́la ó pa méjì, idà rẹ̀ kò sì lè ṣe kọjá ohun tí idà ń ṣe. Ti olóògùn yàtọ̀. Nínú ìwé òfin ti ọdún 1978, ọfọ̀ kan ṣoṣo ló lè pè lóòjọ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pè é tán, ọfọ̀ náà á pòórá lórí rẹ̀ títí yóò fi tún un kọ́, èrò kan tí wọ́n yá láti inú ìwé ìtàn tí Jack Vance kọ lọ́dún 1950. Kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ẹ̀ṣẹ́ kan sì lè pa á. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè là á já, ojú ọ̀run di ọ̀nà rẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì kò tún dá a dúró mọ́, á sì máa ju iná sáàárín ọ̀pọ̀ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣèré tó mú jagunjagun á wá jókòó, á máa wòran.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ka ọ̀rọ̀ yìí sí eré ọmọdé. Ìlú kan wà tí ìtàn rẹ̀ fi ẹnu àti idà wọn ara wọn. Ìlú náà ni Àpòmù, ẹ̀gbẹ́ Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè nítorí dòdò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà ṣe, tí wọ́n fi ata gún, tí wọ́n wá fi epo dín títí tó fi dúdú. Díẹ̀ nínú wọn ló ń rántí pé ọjà Àpòmù tó wà nítòsí ibẹ̀ ti dá ogun sílẹ̀ rí.

Òpìtàn Samuel Johnson kọ ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀ tó parí ní 1897, tí kò sì jáde títí di 1921. Kí Awólẹ̀ tó di Aláàfin, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ kan sẹ́rú lọ́jà Àpòmù. Àṣẹ sì ti wá láti Ọ̀yọ́ pé kí Baálẹ̀ Àpòmù má ṣe gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ láàyè. Baálẹ̀ ní kí wọ́n na Awólẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí oyè, tí wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀ tí wọn yóò bá jà, Baálẹ̀ Àpòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí Ifẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀ síbẹ̀ kí ogun má bàa tìtorí tirẹ̀ dé bá ẹlòmíràn.

Kò pẹ́ tó fi kan ọba náà. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ológun rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n sì fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé kó kú. Awólẹ̀ jáde sí gbangba. Ó ta ọfà sí àríwá, ó ta sí gúúsù, ó ta sí ìwọ̀ oòrùn, ó ní ibi tí ọfà wọ̀nyẹn forí lé ni wọn yóò máa kó àwọn ènìyàn òun lẹ́rú lọ. Ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀ kí èpè náà má bàa ní àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé májèlé jẹ.

Àwọn òpìtàn lè sọ pé òwò ẹrú àti ọ̀tẹ̀ àwọn ìjòyè ló tú Ọ̀yọ́ ká, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìtàn náà ṣe to agbára: èpè tó ga jù lọ nínú ìtàn Yorùbá, ẹ̀mí ẹni tó ṣẹ́ ẹ ni wọ́n fi san án. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé Awólẹ̀ rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1820, ìjà tún bẹ́ lọ́jà Àpòmù. Ataare ló fà á. Ará Ìjẹ̀bú tó ń tà á àti ará Òwu tó ń rà á kò gbà fún ara wọn lórí iye tó wà nínú òkìtì kan. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ìjà di ogun, Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ láti gbógun ti Òwu. Àwọn Òwu ò mọ̀ ju àgẹ̀dẹ̀ǹgbé lọ, idà gígùn tó wúwo, wọ́n sì láyà. Ìjẹ̀bú ní tiwọn sún mọ́ etíkun, wọ́n ti fi ẹrú ra ìbọn lọ́wọ́ òyìnbó. Òwu ń sáré wọlé pẹ̀lú idà, ìbọn ń dá wọn padà lókèèrè. Wọ́n sé ìlú náà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàn sì mú débi pé pòpòǹdó tí ènìyàn kì í jẹ tẹ́lẹ̀ di oúnjẹ. Nígbà tí Òwu fọ́, àwọn tó ṣẹ́gun ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún un kọ́ mọ́.

Ìbọn Ìjẹ̀bú yìí gan-an ni olóògùn inú eré. Ó ń pa ènìyàn láti ibi tí idà kò lè dé, kò sì bìkítà fún ìgboyà ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dun òṣèré tó mú jagunjagun ti dun Òwu rí, ti Òwu sì la ẹ̀mí lọ. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1892, ní Ìmágbọ̀n, ó kan Ìjẹ̀bú náà nígbà tí òyìnbó gbé ìbọn Maxim kò wọ́n lójú.

Ataare tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà kì í ṣe ata ọbẹ̀ lásán. Òun ni ẹni tó fẹ́ pe ọfọ̀ ń jẹ, ó lè jẹ́ wóró méje, ó lè jẹ́ mẹ́sàn-án, kí ẹnu lè ta, kí àṣẹ lè wà nínú ohun tó bá sọ. Bí oníṣègùn bá sì di ońdè mọ́ ẹnìkan nídìí, tàbí tó sín gbẹ́rẹ́ òkígbẹ́ fún un, èèwọ̀ ń bá a rìn: oúnjẹ kan tí kò ní fẹnu kàn mọ́ láyé, tàbí ibi kan tí kò ní gbé ońdè náà dé. Ọjọ́ tó bá rú u, oògùn bàjẹ́. Níbi tí ọ̀pọ̀ eré ti ń ya ológun sọ́tọ̀ kúrò lára olóògùn, Yorùbá kò yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro kí jagunjagun ìgbà náà jáde láìní ayẹta tàbí òkígbẹ́ lára, èèwọ̀ rẹ̀ á sì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe wà lọ́rùn oníṣègùn.

Eré àtijọ́ ní ohun tó jọ èèwọ̀: ọfọ̀ kan lóòjọ́, ara tí kò lè gba ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí àtúnṣe ọdún 2000 dé, ó rọrùn fún olóògùn láti ṣe ìwé ọfọ̀ àti ọ̀pá idán pa mọ́, ìnira ń dín kù, agbára kò dín. Ní 2008, àwọn tó ni eré náà gbìyànjú láti tún un ṣe nípa fífún gbogbo ẹ̀dá ní ètò kan náà: èyí tí wọ́n lè máa lò nígbà gbogbo, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan níjà, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ó dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òṣèré ráhùn pé ológun àti olóògùn ti di ọ̀kan náà. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ìdọ́gba tó pa ìyàtọ̀ rẹ́ kò dáhùn ìbéèrè náà, ó kàn sá fún un ni. Àtúnṣe ti 2014 sún mọ́ ọ̀nà ju ìyẹn lọ: ọ̀pọ̀ ọfọ̀ ń gba ìfọkànsí, olóògùn kò lè di méjì irú rẹ̀ mú pọ̀, bí wọ́n bá sì lù ú, ọwọ́ rẹ̀ lè yọ lórí èyí tó dì mú.

D. O. Fágúnwà ti kó ológun àti olóògùn jọ sínú ìtàn kan ní 1938, ṣáájú eré náà lọ́dún mẹ́rìndínlógójì. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ọdẹ ni bàbá Àkàrà-Oògùn, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, ìbọn àti oògùn sì pàdé lára ọmọ kan. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Kàkò mú kùmọ̀ rẹ̀, Ìmọ̀dóyè mú ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ mú orin. Agbára wọn kò dọ́gba, kò sì sí èyí tó lè fi ara rẹ̀ dípò ẹnìkejì.

Ẹni tó bá ń darí irú eré yìí lónìí, ní Ìkirè tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, lè fi kọ́ra. Kó fún ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo tábìlì mọ̀ ọ́n: èyí tó fẹ́ kí olóògùn gbààwẹ̀ lánàá, èyí tí kò ní ṣẹ bí ẹnu kò bá jẹ ataare, èyí tó tóbi débi pé ẹni tó bá pè é kò ní tún pe òmíràn mọ́ láyé. Kó sì sín gbẹ́rẹ́ òkígbẹ́ fún jagunjagun náà.